Wúfà ń kù ní ìgun, àárín àga kò gbọ́ ọ: àkọsílẹ̀ iṣẹ́ ìdíwọ̀n ohùn aládàáṣe ní pálọ̀ kan ní Abẹ́òkúta

Ìbarà ni pálọ̀ náà wà. Mítà 6.0 ni gígùn rẹ̀, 4.2 ni fífẹ̀ rẹ̀, láti orí táìlì dé abẹ́ POP jẹ́ 3.0. Ògiri búlọ́ọ̀kù ni, wọ́n rẹ́ ẹ, wọ́n kùn ún, kò sì sí ohun tó wà lára rẹ̀ ju aago àti fọ́tò ẹbí lọ. Fèrèsé alumíníọ̀mù méjì tó ń fà wà lọ́wọ́ òsì. Tẹlifíṣọ̀n wà lára ògiri kúkúrú tó wà níwájú, àga ńlá ẹlẹ́ni mẹ́ta wà ní mítà 3.6 sí ògiri náà, gbọ̀ngbọ̀n àárín. Àga ẹlẹ́nì kọ̀ọ̀kan tò sí ara ògiri méjèèjì, bí a ti máa ń to pálọ̀ tí àlejò ń wọ̀.

Risífà tòkunbọ̀ ni wọ́n ń lò, ẹ̀rọ tó ń pín ohùn fún àwọn sípíkà, 5.1 ni (sípíkà márùn-ún àti wúfà kan), Audyssey MultEQ XT sì ni ètò ìdíwọ̀n ohùn tó wà nínú rẹ̀: máìkì ló fi ń gbọ́ sípíkà ní ibi mẹ́jọ, tó sì ń tún ohùn wọn ṣe fúnra rẹ̀. Iná 120V ló ń jẹ, nítorí náà ó ní stepdown 1,000 VA tó ń gba iná 230V sílẹ̀ fún un. Sípíkà méjì wà níwájú, ọ̀kan wà lábẹ́ tẹlifíṣọ̀n fún àárín, méjì wà lókè lára ògiri ẹ̀gbẹ́. Wúfà oníínǹṣì 10 tó ní áńpù tirẹ̀, sípíkà ńlá tó ń gbé ìró ìsàlẹ̀, wà ní ìgun iwájú lápá òsì, torí pé ibẹ̀ ni sọ́kẹ́ẹ̀tì wà. Nínú ọ̀pọ̀ ilé, sọ́kẹ́ẹ̀tì ló ń yan ibi tí wúfà máa gbé, kì í ṣe etí.

Oníṣẹ́ kan ti so gbogbo rẹ̀ pọ̀, ó sì ti jẹ́ kí risífà díwọ̀n ohùn fúnra rẹ̀. Kò ju oṣù kan lọ tí ìyá onílé fi pe oníṣẹ́ mìíràn.

"Wá gbọ́ ọ, ọmọ mi. Àwọn tó ń sọ̀rọ̀ nínú fíìmù yìí, àfi bí ẹni pé inú korobá ni wọ́n wà. Ìlù wọn, n ò gbọ́ ọ níbí. Ṣùgbọ́n kí n dìde kí n lọ sí ẹnu ọ̀nà kíṣìnì báyìí, àyà mi á máa mì."

"Ẹ pẹ̀lẹ́, Mà. Ibo lẹ máa ń jókòó sí gan-an?"

"Àárín níbí ni. Ta ló máa gba àárín lọ́wọ́ mi?"

Ìdáhùn yẹn wúlò ju bí ó ti rí lọ. Ẹnu ọ̀nà kíṣìnì wà ní ìgun ẹ̀yìn, lọ́wọ́ ọ̀tún. Bí ohùn kan bá kú ní àárín yàrá tó sì ń kù ní ìgun, kì í ṣe wúfà ló bàjẹ́. Iyàrá ló ń ṣe é.

Kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan nǹkan kan, ojú ìwé tí risífà kọ èsì rẹ̀ sí ni a kọ́kọ́ ń kà. Ohun tó wà níbẹ̀ ni pé iwájú òsì àti ọ̀tún jẹ́ mítà 3.5, àárín, 3.3, ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, 2.3; wúfà, 3.7. Iwájú méjèèjì wà ní Large, ìyẹn ni pé risífà gbà pé wọ́n lè gbé ìró ìsàlẹ̀ fúnra wọn. Ohùn wúfà wà ní −12.0 dB (dB ni òṣùwọ̀n bí ohùn ṣe ga tó). Wọ́n na tépù sí gbogbo rẹ̀, kò sí èyí tó parọ́. Ó yẹ kí ìyẹn gan-an fu oníṣẹ́ lára: wúfà tó ní áńpù tirẹ̀ kì í sábà bá tépù mu géérégé àyàfi tí ẹnì kan bá ti fọwọ́ kàn án.

Ìdí rẹ̀ ni pé risífà kò ní tépù, àkókò ló ń kà. Ó rán ohùn kúkúrú kan jáde, ó wo ìgbà tó dé ọ̀dọ̀ máìkì, ó sì sọ àkókò náà di mítà. Nínú wúfà, ohùn gbọ́dọ̀ gba inú áńpù àti fílítà kọjá kó tó dé kóònù, ojú sípíkà tó ń mì, ó sì ń pẹ́ díẹ̀ níbẹ̀. Tó bá pẹ́ ní mílísẹ́kọ́ǹdì 4.6, risífà á fi mítà 1.6 kún un. Irọ́ kọ́ ni ó ń pa. Bí ẹ bá gba mítà yẹn gbọ́, á mú kí ohùn sípíkà yòókù dúró de wúfà, kí gbogbo wọn lè dé etí pọ̀. Wọ́n pe oníṣẹ́ àkọ́kọ́ lórí fóònù. Ó ní 5.3 ni ẹ̀rọ kọ, òun fi tépù wọ̀n ọ́n, òun rí 3.7, òun sì bá a tún un ṣe.

Àtúnṣe yẹn lówó lórí. Pálọ̀ Abẹ́òkúta tó wà ní ìwọ̀n 28°C, ohùn ń rin bíi mítà 348 nínú ìṣẹ́jú àáyá kan. Ní 80 Hz (ohùn tó ń mì nígbà 80 nínú ìṣẹ́jú àáyá kan), níbi tí sípíkà àti wúfà ti jọ ń ṣiṣẹ́, ìgbì ohùn kan gùn tó mítà 4.35. Mítà 1.6 tí wọ́n yọ kúrò lé ní ìdá mẹ́ta ìgbì náà. Nígbà tí kóònù sípíkà ń tì, ti wúfà ń fà. Dípò kí wọ́n ran ara wọn lọ́wọ́, wọ́n ń pa ara wọn. Ní orí àga àárín, ohùn fi bíi 8 dB dín ní 80 Hz sí ohun tó yẹ kó jẹ́. Ibẹ̀ ni ìró ìlù ńlá àti ìsàlẹ̀ ohùn àyà ọkùnrin ń gbé.

−12.0 dB ni àṣìṣe kejì. Ibẹ̀ ni òpin ìsàlẹ̀ tí risífà lè dé. Bí ẹ bá rí −12.0, kò túmọ̀ sí pé wúfà nílò −12. Ó túmọ̀ sí pé kọ́nọ́ọ̀bù ẹ̀yìn wúfà ga débi pé ẹ̀rọ dín in títí, ilẹ̀ tẹ́ ẹ. Ìdajì ni kọ́nọ́ọ̀bù náà wà. Wọ́n yí i sílẹ̀ sí ibi tí ọwọ́ aago máa wà ní aago mẹ́sàn-án.

Ọmọ ilé kan ló ní ẹ̀rí tó kù. Ó ya fọ́tò ọjọ́ tí wọ́n so ẹ̀rọ náà, ó sì wà lórí fóònù rẹ̀ síbẹ̀. Nínú fọ́tò náà, máìkì wà lórí tìmùtìmù, ẹ̀yìn àga onílẹ́dà wà lẹ́yìn rẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 8 tàbí kó má tó bẹ́ẹ̀. Ewé fáànù òrùlé ti di ọ̀kan ṣoṣo nítorí bó ṣe ń yí. Wáyà ẹ̀tẹ̀ńṣọ̀n kan sì gba ojú fèrèsé wọlé, èyí tó ń sọ fún wa pé jẹnẹrétọ̀ ń ṣiṣẹ́ ní ìta lápá òsì.

Ẹ jẹ́ ká mú sẹ̀ǹtímítà 8 yẹn. Ohùn dé máìkì, ó kọjá, ó lu lẹ́dà, ó padà wá bá máìkì lẹ́ẹ̀kejì. Lílọ àti àbọ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 16. Ohùn tí sẹ̀ǹtímítà 16 jẹ́ ìdajì ìgbì rẹ̀ ń pa ara rẹ̀ níbẹ̀, bíi 1,100 Hz nìyẹn, àárín ọ̀rọ̀ ẹnu gan-an. Risífà gbọ́ pé ihò kan wà ní 1,100 Hz, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kún un. Ṣùgbọ́n kò sí ihò kankan ní ibi tí etí ìyá onílé wà. Ẹ̀yìn àga ló ń gbẹ́ ihò náà fún máìkì nìkan. Ohun tó jẹ́ kí àwọn òṣèré máa sọ̀rọ̀ láti inú korobá nìyẹn. Sípíkà àárín kò jẹ̀bi, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ti ń múra àtipààrọ̀ rẹ̀.

Ti fáànù àti jẹnẹrétọ̀ kò gba àlàyé púpọ̀. Atẹ́gùn tó ń fẹ́ lu máìkì ń dún nínú rẹ̀ bí ohùn wúfà, jẹnẹrétọ̀ sì ń fi tirẹ̀ kún un. Risífà máa ń kọ̀wé pé ariwo pọ̀ jù, àwọn kan á sì máa tẹ̀ ẹ́ padà títí á fi gbà. Bó bá gbà, kò túmọ̀ sí pé ó gbọ́ dáadáa.

Ọmọ náà tún sọ pé gbogbo àga ni oníṣẹ́ gbé máìkì náà dé, títí kan àwọn tó wà lára ògiri. Ọ̀ràn ìlù tí kò dé àárín bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀, ó sì parí sí ìgun tí wúfà wà.

Gbogbo yàrá ló ní ohùn tó ń bá a sọ̀rọ̀. Ẹ fi ìlọ́po méjì fífẹ̀ rẹ̀ pín 348. Níhìn-ín, 348 pín sí 8.4 jẹ́ 41 Hz. Ohùn 41 Hz ga lára ògiri òsì, ó ga lára ògiri ọ̀tún, ó sì kú sí àárín. Wúfà tó wà ní ìgun ló ń ru ú sókè jù. Kò pọn dandan kí ẹnikẹ́ni gbà á gbọ́ lásán: ẹ wá áàpù tó ń mú ohùn kan ṣoṣo jáde lórí fóònù, ẹ fi 41 Hz sí i, ẹ so fóònù mọ́ risífà, kí ẹ wá rọra rìn láti ògiri kan dé èkejì. Lára ògiri, ilé ń gbọ̀n. Ní mítà 2.1, bí ẹni pé ẹnì kan pa á. Ìyá onílé fúnra rẹ̀ rìn ín nígbà méjì, ó dúró ní àárín, ó tẹ etí sílẹ̀, ó ní, "Áà, orí àga mi rèé."

Àwọn àga ẹ̀gbẹ́ sọ fún risífà pé 41 Hz pọ̀ jù. Ó kó ohun tó gbọ́ ní ibi mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ pọ̀, ó sì gé 41 Hz. Ìyẹn ni pé ó tún bù nínú ìwọ̀nba tó kù fún àárín. Kódà ká ní àárín nìkan ló wọ̀n, kì bá tí tán an: ibi tí ohùn ti ń pa ara rẹ̀, bí ẹ ti ń da agbára sí i tó ni èyí tó ń padà wá pa á ń pọ̀ sí i. Áńpù á gbóná, kóònù á máa fò, etí kò ní gbọ́ nǹkan kan. Òkè ohùn nìkan ni ẹ̀rọ lè gé. Kòtò kò ṣeé dí.

Pálọ̀ yìí ní òkè tirẹ̀ náà. Gígùn rẹ̀ jẹ́ ìlọ́po méjì gíga rẹ̀ pérépéré, nítorí náà ohùn kejì ti gígùn (348 pín sí 6.0) àti ohùn àkọ́kọ́ ti gíga (348 pín sí 6.0 náà) pàdé ní 58 Hz. Ìyẹn ló ń mi àyà, irú rẹ̀ sì ni ìdíwọ̀n aládàáṣe mọ̀ ọ́n tún ṣe jù.

Wọ́n gbé wúfà kúrò ní ìgun lọ sí àárín ògiri iwájú, lẹ́gbẹ̀ẹ́ sípíkà àárín. Wúfà tó bá wà ní ibi tí 41 Hz ti kú kò lè ru ú sókè. Ohun tí ó ná wọn kò ju wáyà RCA mítà 5 àti ẹ̀tẹ̀ńṣọ̀n kan tí wọ́n gbà ìdí ògiri lọ.

Ṣùgbọ́n wọn kò tíì pe ẹ̀rọ padà. Iyàrá ni wọ́n kọ́kọ́ tún ṣe, torí pé bí ẹ bá tẹ́ rọ́ọ̀gì lẹ́yìn ìdíwọ̀n, yàrá tí ẹ̀rọ wọ̀n kọ́ ni ẹ ń gbé mọ́. Bí a bá pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan ní àárín pálọ̀ yẹn, ògiri méjèèjì á máa jù ú sí ara wọn bí ìgbà tí ayò ń já lulẹ̀. Wọ́n tẹ́ rọ́ọ̀gì nípọn kan, mítà 2.4 sí 3.0, sáàárín àga àti sípíkà. Káfíńtà kan férémù mẹ́rin, ọ̀kọ̀ọ̀kan sẹ̀ǹtímítà 60 sí 120, wọ́n ki rockwool, òwú òkúta tó ń gba ohùn mì, sẹ̀ǹtímítà 10 sínú rẹ̀, wọ́n sì fi àdìrẹ bò ó. Ọ̀pá 7 ló ká mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.

Ìtòkú, ọjà àdìrẹ ní Abẹ́òkúta, ni wọ́n ti ra àdìrẹ náà, kì í sì í ṣe èyíkéyìí ló ṣeé lò. Ẹ gbé aṣọ náà sí ẹnu, kí ẹ fẹ́ ẹ. Bí èémí bá kọjá sí ọwọ́ tó wà lẹ́yìn rẹ̀, ohùn á kọjá. Kàm̀pálà tí àbẹ́là ṣì wà lára rẹ̀ ti dí, bẹ́ẹ̀ náà ni èyí tí wọ́n fi ẹ̀kọ lé tí wọ́n sì lù títí ó fi ń dán. Ẹ fọ̀ ọ́ kúrò lára rẹ̀ tàbí kí ẹ mú òmíràn. Ó dùn mọ́ni pé aṣọ tó wà ní ìtòsí ló bá iṣẹ́ yìí mu ju lẹ́dà tí àwọn oníṣẹ́ àga máa ń dábàá, tí ohùn kì í gbà kọjá rárá.

Láti mọ ibi tí férémù máa gbé, ẹnì kan jókòó sí àárín, ẹlòmíràn ń fa dígí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Ibi tí ẹni tó jókòó bá ti rí sípíkà iwájú nínú dígí ni ohùn ti ń lu ògiri wá bá a. Méjì lọ́tùn-ún, méjì lósì. Ti òsì kan bọ́ sójú fèrèsé, wọ́n fi okùn gbé e kọ́. Ẹ má ṣe retí pé férémù wọ̀nyí á kan wúfà o. Sẹ̀ǹtímítà 10 kò tó nǹkan lójú ìgbì tó gùn ní mítà 8.

Lẹ́yìn náà, wáyà. Risífà ti kọ ọ́ ní ọjọ́ àkọ́kọ́ pé Phase sípíkà ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún kò dára, ìyẹn ni pé kóònù rẹ̀ lè máa wọlé nígbà tí tàwọn yòókù ń jáde; oníṣẹ́ tẹ Skip. Nígbà mìíràn ìkìlọ̀ yẹn máa ń jẹ́ ti ògiri tó ń da ohùn padà, kì í ṣe ti wáyà, àmọ́ ó yẹ kí a wò ó. Wáyà funfun pẹlẹbẹ ni wọ́n lò, èyí tí ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì jọra. Wọ́n yọ wáyà lẹ́yìn risífà, wọ́n fi orí bátìrì 1.5V kan ẹsẹ̀ tó yẹ kó jẹ́ pupa, ìdí rẹ̀ kan èkejì, fìrí báyìí, kì í ṣe kí a dì í mú. Kóònù tó so dáadáa á fò síta. Ti ọ̀tún wọlé. Wọ́n pààrọ̀ ẹsẹ̀ wáyà, wọ́n fi tépù pupa sàmì sí i.

Ìdíwọ̀n tuntun bọ́ sí aago mọ́kànlá àárọ̀ ọjọ́ Wẹ́sìdé, tí àwọn ọmọ ti lọ sí ilé ìwé. Ínfátà pure sine wave ni wọ́n fi gbé ẹ̀rọ. Èyí tí kì í ṣe bẹ́ẹ̀ máa ń jẹ́ kí stepdown kùn, ariwo náà á sì wọ sípíkà. Wọ́n pa fáànù àti AC, wọ́n sì yọ fíríìjì, torí pé kọ̀ǹpúrésọ̀ rẹ̀ kì í sọ fún ẹnikẹ́ni kó tó bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn wúfà, wọ́n yí kọ́nọ́ọ̀bù crossover (ààlà tí sípíkà ti ń fa iṣẹ́ lé wúfà lọ́wọ́) lọ sí ibi tó ga jù, phase sí 0, wọ́n sì pa auto standby kó má baà sùn láàárín iṣẹ́.

ACM1HB ni wọ́n kọ sára máìkì náà, èyí tó yẹ risífà yẹn. Àwọn tó ra tòkunbọ̀ tí máìkì rẹ̀ ti sọnù sábà máa ń béèrè bóyá òmíràn ṣeé lò: a kò lè fi máìkì YPAO ti Yamaha tàbí MCACC ti Pioneer, ètò irú kan náà ti ilé iṣẹ́ mìíràn, rọ́pò rẹ̀. Ihò rẹ̀ á gbà á, risífà á sì ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n ó ti mọ àléébù máìkì tirẹ̀, ó sì ń yọ ọ́ kúrò nínú ìṣirò. Àléébù òmíràn á di àléébù sípíkà yín.

Ìdúró ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta ti kámẹ́rà ni wọ́n gbé e lé, orí rẹ̀ kọjú sí òrùlé, ní mítà 1.05, ibi tí etí ìyá onílé wà. Wọ́n fa àga sẹ́yìn kí ó lè jìnnà sí máìkì ní sẹ̀ǹtímítà 30, wọ́n sì ju aṣọ ìnura nípọn bo ẹ̀yìn rẹ̀. Ibi àkọ́kọ́ ni àárín gan-an. A kò gbọdọ̀ ṣi èyí gbé, torí pé ibẹ̀ ni ètò náà ti ń mú jíjìn àti agbára ohùn. Ìkejì àti ìkẹta jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 50 sí òsì àti ọ̀tún; ìkẹrin, 50 síwájú; ìkarùn-ún àti ìkẹfà, iwájú òsì àti iwájú ọ̀tún; ìkeje àti ìkẹjọ padà sún mọ́ àárín, sẹ̀ǹtímítà 25 sí ẹ̀gbẹ́, máìkì sì ga sí i díẹ̀. Kò sí èyí tó dé àga ara ògiri. Ẹni tó ń gbé máìkì ń jáde kúrò ní pálọ̀ kó tó tẹ rìmóòtù láti ẹnu ọ̀nà. Ìṣẹ́jú 25 ni gbogbo rẹ̀ gbà, ní ìgbà kẹta sì ni alùpùpù kan kọjá, wọ́n sì tún ibẹ̀ ṣe.

Èsì: iwájú 3.5 méjèèjì, àárín 3.3, ẹ̀gbẹ́ 2.3, wúfà 4.9 nítorí ó ti sún mọ́ àga. Wọ́n fi 4.9 yẹn sílẹ̀ bó ṣe wà. Ohùn wúfà, −3.5 dB. Ìkìlọ̀ Phase kò yọjú.

Risífà ṣì pe sípíkà iwájú ní Large, torí pé ògiri ẹ̀yìn wọn ń ràn wọ́n lọ́wọ́. Wọ́n sọ ọ́ di Small, kí ìró ìsàlẹ̀ wọn lè lọ sọ́dọ̀ wúfà, wọ́n fi crossover sí 80 Hz, ìwọ̀n tí THX, ilé iṣẹ́ tó ń gbé ìlànà ohùn sinimá kalẹ̀, sọ di àṣà. Àárín tí ẹ̀rọ fi sí 60 náà lọ sí 80. Ẹ̀gbẹ́ tó fi sí 100 dúró ní 100. Ẹ lè gbé crossover ga ju bí ẹ̀rọ ti kọ ọ́ lọ, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀, torí pé ètò náà kò ṣe àtúnṣe kankan sí ìsàlẹ̀ ibi tí sípíkà ti rẹ̀. Wọ́n tan Dynamic EQ, kí ìlù má baà rù nígbà tí a bá rẹ ohùn sílẹ̀ lóru. Wọ́n pa Dynamic Volume, èyí tó ń dín ohùn tó ga kù tó sì ń gbé èyí tó kéré sókè.

Wọ́n tún fi 41 Hz sí i. Àárín gbọ́ ọ, ògiri kò sì gbọ̀n mọ́. Ohun tó kù jẹ́ ariwo tí kò sí nínú fíìmù. Nígbà tí wọ́n rọra gbé ohùn láti 20 dé 100 Hz, gíláàsì fèrèsé kejì ń gbọ̀n ní 58 Hz, ìbòjú iná kan nínú POP sì ń dún ṣẹ́kẹ́ṣẹ́kẹ́ ní bíi 36. Máìkì kò lè sọ èyí fún ẹnikẹ́ni, ẹ̀rọ kò sì lè tún un ṣe. Wọ́n fi fóòmù tẹ́ẹ́rẹ́ dí ojú irin fèrèsé, wọ́n sì fi gọ́ọ̀mù sílíkónì mẹ́ta mú ìbòjú iná dúró.

"Mà, ẹ jọ̀ọ́ ẹ jókòó kí ẹ gbọ́ ọ."

Ó gbọ́ ọ fún bíi ìṣẹ́jú mẹ́wàá. "Wọ́n ti jáde nínú korobá. Ṣùgbọ́n fi kún ìlù yẹn fún mi díẹ̀."

Wọ́n fi 2 dB kún wúfà nínú risífà, ó di −1.5, wọn kò fọwọ́ kan kọ́nọ́ọ̀bù ẹ̀yìn rẹ̀. Wọ́n kọ gbogbo nọ́ńbà náà sí ìwé kan, wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀gbẹ́ risífà, wọ́n fi bírò pupa kọ ọ́ sí ìdí 4.9 pé kí ẹnikẹ́ni má fi tépù tún un ṣe.